Ọkọ̀ Tí Kò Fà: Àlàyé lórí Wíwádìí Àìlera Píkọ́ọ̀pù Àlòkù

Gbólóhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀ Ilé-Ifẹ̀, láti Lágéré dé Ṣábó, àti lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ifẹ̀wàrà àti èyí tí ó gba Òkè-Igbó lọ sí Oǹdó. Gbólóhùn náà ni: "Ọkọ̀ yìí kò fà." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ìnáwó tí ó ti kó bá àwọn ènìyàn kì í ṣe kékeré. Bí awakọ̀ bá ti sọ ọ́ tán, ẹnì kan yóò mú sípánà. Ohun tí ẹni náà bá kọ́kọ́ tú ni yóò sọ bóyá owó táṣẹ́rẹ́ ni olówó ọkọ̀ yóò ná, tàbí yóò ta oko obì kan láti fi ra ẹ́ńjìnì mìíràn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe "fà" kì í ṣe àjèjì sí wa. Ènìyàn ń fa okùn, màlúù ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ní òkè Ọya, a sì ń fa omi láti inú kànga. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí ó wúwo wà ní ìpẹ̀kun kan, agbára sì wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ìdí nìyí tí "fà" fi bá ọkọ̀ akẹ́rù mu ju "sáré" lọ. Ọkọ̀ lè máa sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ kí ó má lè fà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ti dára tó, ó ní àbùkù kan: ó bo àìsàn tí ó ju ẹyọ kan lọ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí aláìsàn bá wí fún oníṣègùn pé "ara mi kò dá" tí kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó kéré tán, ohun mẹ́ta ni awakọ̀ lè ní lọ́kàn nígbà tí ó bá sọ pé ọkọ̀ òun kò fà. Èkíní ni pé, nígbà tí ó tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnì kò dá a lóhùn kíákíá. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, tàbí kí ó húkọ́, kí ó tó gbéra. Èkejì ni pé ọkọ̀ dáhùn dáadáa nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n bí ó bá kan òkè, tàbí tí a di ẹrù lé e, agbára rẹ̀ á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí awakọ̀ yóò fi padà sí jíà kejì. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ́ńjìnì ń ké tantan, ariwo rẹ̀ ń lọ sókè, ṣùgbọ́n ìrìn ọkọ̀ kò bá ariwo náà mu. Àìsàn mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra ni ìwọ̀nyí. Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe ti ẹ́ńjìnì rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ni a ti tú palẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọkọ̀ wo gan-an ni a ń sọ? Ní 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde. Ní 1975 ni Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ náà pọ̀ ní Kàdúná, nígbà tí ó sì yá, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù náà dé. Òun ni ó sọ píkọ́ọ̀pù di ohun tí àgbẹ̀, oníṣòwò pákó àti alágbàtà kòkó mọ̀ dunjú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Toyota Hilux gba ojú ọ̀nà, pẹ̀lú Mazda àti Nissan. Lónìí, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. Ọkọ̀, firíìjì àti bàtà ni ó wá yá orúkọ náà lò. Àfiwé náà kò burú, nítorí pé ẹni tí ó gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ bí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìròyìn kan tí Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fi hàn pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ kékeré àlòkù tí Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn tó mílíọ̀nù 14, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹ́ńjìnì fi ń rẹ̀, kí a ronú sí ilé arọ́. Alágbẹ̀dẹ nílò èédú, ó nílò afẹ́fẹ́ ẹwìrì, ó nílò iná tí yóò ràn án, ó sì nílò ọ̀nà tí èéfín yóò gbà jáde. Bí ọ̀kan bá dín, irin kò ní pọ́n. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù fi ẹyọ kan lé e: ó gbọ́dọ̀ fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ mọ́ra gidigidi nínú sílíńdà kí iná tó kàn án. Àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì tí wọ́n ń bọ Ògún, tí wọ́n sì ń bá Ọọ̀ni yọ̀ nígbà ọdún Ọlọ́jọ́ tí ó bá lọ sí Òkè-Mògún, kò ṣi ìbátan mú. Iṣẹ́ arọ́ ni iṣẹ́ wọn jẹ́ ní tòótọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni bí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń mí ti pọ̀ tó. Kí lítà epo bẹntiróòlù kan tó jóná tán dáadáa, afẹ́fẹ́ tí ó tó lítà 9,000 ni yóò bá a lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fojú kéré asẹ́ afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ra píkọ́ọ̀pù àlòkù láti máa fi kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko. Ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bí mẹkáníìkì náà bá mọ iṣẹ́, sípánà kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kò fà. Níbo ni kì í ti í fà?"

"Ọ̀gá, tí mo bá ti ń jáde ní ìlú kò sí wàhálà. Ìgbà tí mo bá rìn tó ìdajì wákàtí ló máa ń bẹ̀rẹ̀."

"Tí ẹ bá wá dúró ńkọ́?"

"Tí mo bá dúró díẹ̀, tí mo ṣí i wò, tí mo tún ra epo sí i, ó tún máa ń lọ."

Ìdáhùn kejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ọmọ-iṣẹ́ tí kò gbọ́n yóò sọ pé epo tuntun ni ó mú un lọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó ra epo, ó gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí táńkì. Ihò kékeré kan máa ń wà lára ìdérí náà, tàbí lára táńkì fúnra rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò epo tí ó ń jáde. Bí erùpẹ̀ bá dí ihò náà, táńkì yóò máa fa epo mọ́ra bí ẹni tí ó ń fi ẹnu mu omi inú ìgò láìsí àyè fún afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù yóò fà títí, epo kò ní tó. Nígbà tí a bá ṣí ìdérí, a ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń sú wọlé, ọkọ̀ yóò sì yá gágá. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹni tí kò béèrè ìbéèrè méjì yẹn ti lè tú kábúrétọ̀ kí ó sì pààrọ̀ pọ́ǹpù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ṣàkíyèsí èdè tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi máńgòrò, láìsí ìgbìmọ̀ kankan, àwọn mẹkáníìkì ti ní èdè-ìperí tiwọn. Lójú wọn, ohun ẹlẹ́mìí ni ẹ́ńjìnì: ó ń mí, ó ń jẹ epo, ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń húkọ́, ó ń gbóná, ó ń kú, ó sì ń jí. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó gbọ́ pé ọkọ̀ ń jẹ ọ́ìlì ti mọ ibi tí yóò wò. Ibi tí èdè náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ibi ìyàtọ̀ láàárín àmì àti okùnfà, àbùkù yìí kò sì mọ sí ẹnu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan.

Ìwádìí tí ó bọ́gbọ́n mu máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò gba owó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀kẹta kúrò lọ́nà, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ké tí kò sì rìn. Kílọ́ọ̀ṣì tí ó ti jẹ tán ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a fi òkúta dí taya, kí a fa bíréèkì ọwọ́ le, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kí a kó o sí jíà kẹrin, kí a fún un ní iná díẹ̀, kí a sì tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá yè, ẹ́ńjìnì yóò kú lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Kí a má ṣe dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nítorí ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ́.

Bíréèkì tí kò tú sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kí a wa ọkọ̀ fún kìlómítà díẹ̀ láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí a bọ́ sílẹ̀, kí a sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ìrìn taya kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ó ń dá ọkọ̀ dúró. Wáyà bíréèkì ọwọ́ tí ó ti dípẹtà sì wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí ó pẹ́ ní èbúté kí ó tó dé ọwọ́ olùrà. Taya tí ó tóbi ju èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí i lọ jẹ́ ọ̀ràn mìíràn tí ojú ń rí tí ọkàn kì í rò. Àwọn tí ó fẹ́ kí píkọ́ọ̀pù wọn ga máa ń lò ó; ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń sọ gbogbo jíà di líle fún ẹ́ńjìnì, ó sì ń jẹ́ kí aago ìrìn sọ iye tí ó kéré ju òtítọ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan jókòó sí àyè awakọ̀, kí ó tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ láìta ẹ́ńjìnì, kí ẹlòmíràn máa wo ibi tí wáyà rẹ̀ dé. Ṣé ojú kábúrétọ̀ ṣí tán? Wáyà tí ó ti dẹ̀, tàbí rọ́ọ̀gì tí a tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀, lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ọkọ̀ láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́. Ó yani lẹ́nu bí àwọn tí ó ti ra kábúrétọ̀ tuntun kí wọ́n tó wo rọ́ọ̀gì ti pọ̀ tó.

Nísinsìnyí ni ó wá kan afẹ́fẹ́ àti epo. Ní àkókò ọyẹ́, àti lójú ọ̀nà oko tí erùpẹ̀ rẹ̀ pupa bí osùn, asẹ́ afẹ́fẹ́ lè dí láàárín oṣù mélòó kan. Kí a yọ ọ́, kí a gbé e sókè sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá gba inú rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ náà kò ní gbà á. Lára ọkọ̀ tí ó ń lo kábúrétọ̀, asẹ́ tí ó dí ń mú kí epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú yóò sì máa bá ẹ̀yìn jáde. Títu erùpẹ̀ rẹ̀ dànù lè ràn án lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi epo fọ̀ ọ́, nítorí bébà ni.

Ti epo gba sùúrù. Ẹ jẹ́ kí a padà sí irú kejì, ọkọ̀ tí ó ń fà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò sì lè gòkè. Nínú kábúrétọ̀, abọ́ kékeré kan wà tí epo ń dúró sí. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì ń mu epo díẹ̀, abọ́ náà a sì máa kún. Lórí òkè, mímu rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí fíltà epo bá ti dí, tàbí tí awọ pọ́ǹpù ti rẹ̀, abọ́ náà yóò gbẹ kíákíá ju bí a ti ń bu omi sí i lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá dúró, abọ́ yóò tún kún, awakọ̀ yóò sì rò pé ìsinmi ni ọkọ̀ fẹ́. Láti mọ̀, kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ tutù. Kí a tú rọ́bà tí ó wọ kábúrétọ̀, kí a ti ẹnu rẹ̀ bọ ìgò, kí a ríi dájú pé iná púlọ́ọ̀gì kò lè ta, kí a sì ta ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Epo gbọ́dọ̀ máa tú jáde pẹ̀lú agbára, bí ìlù tí ń lu. Kí ẹni tí ń mu sìgá lọ sí ibòmíràn. Lára ọkọ̀ ìgbàlódé tí kò ní kábúrétọ̀, a kò gbọdọ̀ tú rọ́bà epo bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí agbára tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ inú taya ọkọ̀ kékeré lọ. Aago ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Irú kìn-ín-ní, ọkọ̀ tí ó ń dákẹ́ kí ó tó gbéra, ní ibùgbé tirẹ̀. Nígbà tí tọ́tù bá ṣí lójijì, afẹ́fẹ́ máa ń yára wọlé ju epo lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe kábúrétọ̀ fi pọ́ǹpù kékeré kan sí i, tí ó ń ta epo díẹ̀ sí ọ̀fun rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀. Kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí a wo ọ̀fun kábúrétọ̀, kí a sì fi ọwọ́ ṣí tọ́tù. Bí epo kò bá ta, a ti rí ọ̀daràn.

Epo fúnra rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán nígbà gbogbo. Ní oṣù Èrèlé 2022, àwọn aláṣẹ ètò epo ní Nàìjíríà jẹ́wọ́ pé epo tí a kó wọ̀lú ní mẹ́táńọ̀ọ̀lù tí ó ju bí òfin ti là á kalẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì ti jẹ ìyà rẹ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Láìka ti èyí, àwọn kan ń da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ àìlera ní ọjọ́ kejì tí a ra epo ní ibi àjèjì, kí a fa epo náà jáde kí a tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Láti ìparí oṣù Ẹ̀bìbí 2023 tí ìjọba ti dáwọ́ ìrànwọ́ owó epo dúró, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ tí kò fà ti di àdánù ojoojúmọ́, nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò fà kì í yé tẹ tọ́tù.

Ìwé ìtàn ẹ́ńjìnì ni púlọ́ọ̀gì jẹ́ fún ẹni tí ó lè kà á. Bí ojú rẹ̀ bá ní àwọ̀ ẹ̀pà sísun, ara ẹ́ńjìnì dá. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù tàbí iná kò tó. Bí ó bá dúdú tí ó sì ń yọ̀ fún ọ́ìlì, ríìngì tàbí fáàfù ni kí a wò. Bí ó bá funfun bí eérú, epo kéré jù, ẹ́ńjìnì sì ń gbóná. Kí a to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bí wọ́n ti tò nínú ẹ́ńjìnì, nítorí bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ìyẹn sọ ju kí gbogbo wọn dúdú lọ.

Iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ lágbára, ó sì gbọ́dọ̀ dé ní àsìkò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, iná ọgọ́rùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ́ńjìnì ti ń yára sí i, ni iná gbọ́dọ̀ máa ṣáájú sí i, kí epo lè ráyè jó tán. Lára àwọn ọkọ̀ bíi 504, kọ́ńtáàtì tí àlàfo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.4 mílímítà lọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú awọ kékeré kan nínú agolo tí afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì ń fà. Awọ náà a máa ya. Àwọn àgbà mẹkáníìkì mọ bí a ti ń dán an wò: wọn a fi ẹnu fa rọ́bà rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé láìdúró, awọ ti ya, ọkọ̀ náà yóò sì máa wọ́ bí ìgbín láìjẹ́ pé kábúrétọ̀ ṣẹ̀. Ìṣòro tí ó wà níhìn-ín ni ti pípín iṣẹ́: ríwáyà ni ó ń tọ́jú iná, mẹkáníìkì ni ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnì. Táímìn bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, olúkúlùkù sì ń nàka sí ẹnì kejì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó tọ́ kí a mẹ́nu kan ẹ́ńjìnì mìíràn, èyí tí ọjà ń pè ní "Bẹ́ljíọ̀mù", ìbáà jẹ́ Japan ni ó ti wá. Owó rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé ó sàn ju èyí tí a fẹ́ yọ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà, kí ó ní kí a fi aago wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Kí ẹ́ńjìnì gbóná, kí a yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí a ṣí tọ́tù tán, kí a sì ta á. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tí ara rẹ̀ le máa ń fi nǹkan bíi 150 hàn lórí aago tí a fi psi kọ, tàbí kí ó lé díẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má jìnnà síra. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, kí a kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí a tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríìngì ni ó ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni, àtúnṣe tọ́ọ̀pù sì lè tó. Ìdánwò yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ. Mẹkáníìkì tí kò ní aago náà tí ó sì ń sọ pé ẹ́ńjìnì ti kú, àfọ̀ṣẹ ni ó ń ṣe.

Èéfín tí kò ríbi jáde náà ń pa ẹ́ńjìnì lára. Nínú páìpù ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni kátálíìsì máa ń wà, ohun bí afárá oyin tí ó ń fọ èéfín mọ́. Nígbà tí ó bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ yóò lọ dí sàlẹ́ńsà. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ a máa fà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé ó kọ̀ láti kọjá ìwọ̀n eré kan, bí ó ti wù kí a tẹ tọ́tù tó. Àwọn kan ń yọ ọ́ dànù, àwọn mìíràn ń tà á, nítorí àwọn irin olówó iyebíye bíi platinum wà nínú rẹ̀. Èéfín tí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń dúró lẹ́bàá títì wá ń fà símú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ń bá olówó ọkọ̀ sọ.

Lára àwọn ọkọ̀ tuntun díẹ̀, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box ni ó ń pín epo tí ó sì ń pàṣẹ iná. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996, àti ti bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù láti 2001, ní ibi tí a lè ki ẹ̀rọ sikánà bọ̀ láti ka ohun tí ó ń dùn wọ́n. Sikánà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni ó ń kà jáde, kì í ṣe ìdájọ́. Bí ó bá dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kan, ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ náà ń sọ òtítọ́ nípa afẹ́fẹ́ tí ń jò ní ibòmíràn. Àwọn tí ń ta ọkọ̀ mọ èyí, àwọn oníjìbìtì inú wọn a sì máa yọ gílóòbù iná ìkìlọ̀ inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà, kí olùrà yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìta ẹ́ńjìnì, kí ó wò ó bóyá iná náà tàn, kí ó sì wò ó bóyá ó kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ta tán. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tí kò kú lọ.

Ẹni tí kò tíì ra ọkọ̀ ni ìmọ̀ yìí wúlò fún jù. Ojú ọ̀nà títẹ́jú inú ìlú kò lè fi àìlera hàn. Ọ̀nà Iléṣà tí ó ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí píkọ́ọ̀pù tí kò fà lè fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò bí awakọ̀ rẹ̀ bá jáde láti ré ọkọ̀ ńlá kọjá tí agbára sì tán lágbedeméjì. Kí olùrà ní kí a di yanrìn tàbí àpò sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lé e. Kí ó wà á fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, nítorí ìdérí táńkì àti pọ́ǹpù tí ó ti rẹ̀ kì í fi ara hàn ṣáájú ìgbà náà. Kí ó fi jíà kẹta gun òkè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnì tutù àti nígbà tí ó ti gbóná, kí ó sì kọ ìwọ̀n eré tí ó fi dé orí òkè sínú ìwé. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá fi púpọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, kí ó gbé ìwé náà fún mẹkáníìkì kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀ owó.